Òfin Adójútòfò Ilé àti Ọkọ̀: Láti Ayé Oníṣòwò Oyìnbó dé Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ láti ṣòfin lórí adójútòfò. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 to adójútòfò sí ipò 33 nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ilé alájà mẹ́rin ní Festac, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair, àti bọ́ọ̀sì tó ń ti Mile 2 lọ sí Sẹ̀mẹ̀, òfin Àbújá ló de ìwé adójútòfò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó ló ń yẹ ilé wò tó sì ń gba owó láìsẹ́ǹsì ọkọ̀. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin adójútòfò dúkìá àti jàǹbá tirẹ̀, tó sì ń tún un ṣe nígbà tó bá wù ú, nítorí pé òfin McCarran-Ferguson ti ọdún 1945 fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ọdún 1945 yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn gbé òfin adójútòfò ọkọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, bí òfin bá yí padà, gbogbo ìlú ló ń kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òfin bá sì pẹ́ kí ó tó yí padà, gbogbo ìlú ló jọ ń jìyà ìpẹ́ náà.

Kí ìwé tó dé, àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Amúwo, Kúje, Àdó àti Ìjẹ́gun ní ọ̀nà tiwọn láti gba ara wọn lọ́wọ́ òfò. Bí iná bá jó ilé ẹnì kan, ẹbí, àna àti ẹgbẹ́ á dá ọ̀wẹ̀, wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á tún òrùlé kàn. Èsúsú àti àjọ ló ń gbé oníṣòwò dìde bí ọjà rẹ̀ bá ṣòfò lórí omi. Ọ̀ràn-anyàn ni ìrànlọ́wọ́ yìí láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ni ọ̀dọ̀ àlejò: ẹni tí a kò mọ baba rẹ̀, tí a kò jọ wà nínú ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀wẹ̀. Àlejò yìí gan-an ni ìtàn òfin adójútòfò wá dá lé lórí nígbẹ̀yìn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ oyìnbó tó ń kó epo pupa, ẹ̀kùrọ́, kòkó àti ẹ̀pà lọ sí Liverpool àti London kì í gbé ẹrù sórí òkun láìsí adójútòfò. London ni wọ́n kọ́kọ́ ń ti rà á. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ní Èkó di aṣojú fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1921, Royal Exchange Assurance ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ sí Èkó. Òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń dá ọjà náà ná fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó di 1949 ni àwọn bíi Norwich Union àti Legal and General tó wọlé. Ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ ojú omi àti ilé oyìnbó ni wọ́n ń dójú òfò rẹ̀. Ìjọba kò dá sí ohun tó wà nínú àdéhùn wọn: ẹni tó bá lówó ló ń rà á, ẹni tó rà á nìkan ló sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Ọkọ̀ ilẹ̀ ló yí èyí padà. Nígbà tí lọ́rì akérò kún ojú títì, tí ó ń pa ẹlẹ́sẹ̀ tí ó sì ń ṣe ará ọjà léṣe, ó hàn pé ẹni tí jàǹbá kàn kì í sábàá jẹ́ ẹni tó ra ìwé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kan ìṣòro yìí ṣáájú, ó sì ti fi òfin ojú pópó ọdún 1930 sọ adójútòfò di dandan fún ọlọ́kọ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1945, Motor Vehicles (Third Party Insurance) Ordinance, tọ ipa ọ̀nà kan náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á lójú títì bí kò bá sí ìwé adójútòfò tí yóò san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí ṣe léṣe. Ó fi agbára kan tó ga kún un: bí ilé ẹjọ́ bá ti dá ọlọ́kọ̀ lẹ́bi, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ san owó náà fún ẹni tó farapa, kódà bí òun àti ọlọ́kọ̀ bá ní ẹjọ́ láàárín ara wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹlẹ́sẹ̀ tí kò mọ ilé-iṣẹ́ náà rí, tí kò san kọ́bọ̀ fún un, ní ẹ̀tọ́ lórí owó rẹ̀. Ohun tí òfin náà kò kàn ni dúkìá. Bí lọ́rì bá yà bàrá tí ó wó ògiri ilé tàbí tí ó tẹ igbá gàrí olówò pa, òfin 1945 kò ní kí ẹnikẹ́ni san án. Ihò yìí wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn tálákà ló sì ń já sínú rẹ̀ jù, nítorí pé igbá ọjà ni gbogbo ohun tí ó ní.

Òmìnira mú òfin mìíràn wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ láti mọ ẹni tó lè ṣòwò adójútòfò. Òfin 1961 tẹ̀ lé àbọ̀ ìgbìmọ̀ Obande, ó ní kí ilé-iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ti 1964 ní kí wọ́n fi owó dókòwò nílé dípò kí wọ́n máa kó o lọ sókè òkun. Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀, NICON, sílẹ̀ ní 1969. Òfin 1976 ni ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ní 1977, wọ́n dá Nigeria Reinsurance Corporation sílẹ̀, kí apá kan nínú gbogbo ewu tí ilé-iṣẹ́ bá gbà lè dúró sí Nàìjíríà. Àwọn òfin wọ̀nyí wúlò, àmọ́ ẹni tó ń gbé inú ilé kò rí ara rẹ̀ nínú wọn.

Ọdún 1977 yẹn ni Festac dé. Federal Housing Authority, FHA, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1973, ló kọ́ ìlú náà sórí ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn Àwórì, láàárín òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì àti ọ̀sà. Àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, láti January 15 dé February 12, 1977, ni ó kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀. Ilé tó lé ní 5,000 ni, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Avenue tó yí ìlú ká, pẹ̀lú Road tó ní nọ́ńbà àti Close tó ní lẹ́tà. Nígbà tí àjọ̀dún parí, ìjọba fi ìbò pín ilé náà fún àwọn tó kọ̀wé béèrè. Ní ọdún kan náà, wọ́n sọ Nigerian Building Society di Federal Mortgage Bank. Òfin tó lágbára láti fi ọ̀rọ̀ adójútòfò kan ẹni tó jẹ ilé kò tíì sí. Ẹni tó bá yá owó ilé nìkan ni ayánilówó máa ń ní kó fi ilé náà sábẹ́ adójútòfò iná, nítorí owó tirẹ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a wo ìwé adójútòfò iná yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjà tó máa ń wáyé lẹ́yìn òfò, inú rẹ̀ ló ti ń jáde. Ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ń lò jogún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun mẹ́ta ni ó dójú òfò rẹ̀ ní pàtó: iná, àrá, àti ìbúgbàù gáàsì tí a ń lò nínú ilé fún ìdáná tàbí ìmọ́lẹ̀. Ìjì, àkúnya omi, rògbòdìyàn, ọkọ̀ tó ya wọ ògiri, páìpù omi tó bẹ́, àti ìbúgbàù tó ti ìta wá, kò sí nínú rẹ̀ àyàfi tí onílé bá rà wọ́n kún un, tí ó sì san owó lé e. Ẹni tó mú ìwé náà délé, tí ó tì í sínú àpótí, lè gbé ogún ọdún láìmọ̀ pé omi òjò tó ń wọ pálọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún kò sí lára ohun tí ó san owó fún.

Ohun kejì tó wà nínú ìwé náà ni iye tí a kọ pé ilé tó. Bí ilé kan bá tó ₦40 mílíọ̀nù láti tún kọ́, tí onílé kọ ₦20 mílíọ̀nù sílẹ̀ kí owó tí yóò máa san lè kéré, ìdajì ilé rẹ̀ ni ó dójú òfò rẹ̀. Bí iná bá wá ba nǹkan tó tó ₦10 mílíọ̀nù jẹ́, ₦5 mílíọ̀nù ni yóò gbà. Onílé á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ilé-iṣẹ́ á ní kí ó wo ìwé tí ó buwọ́ lù. Ní orílẹ̀-èdè tí owó sìmẹ́ǹtì àti irin ń fò sókè lọ́dọọdún, iye tó tọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti di ìdajì lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Òfin kankan kò tíì yanjú èyí fún onílé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi tún iye náà ṣe.

Títì tó kọjá níwájú Festac náà ní òfin tirẹ̀. Òpópónà Àgbádárìgì gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kùtọnu, Lomé àti Accra. Láyé àtijọ́, ìwé adójútòfò Nàìjíríà kò ní agbára kankan ní kété tí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹnubodè. Ní May 29, 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn Brown Card ní Kùtọnu. Lábẹ́ rẹ̀, bí ọkọ̀ tó ti Mile 2 gbéra bá ṣe ọlọ́kadà léṣe ní Kùtọnu, ọ́fíìsì Brown Card ti Benin ni yóò bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní ìbámu pẹ̀lú òfin ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó fún ọkọ̀ náà ní ìwé ní Èkó yóò sì dá owó padà. Benin àti Togo ní tiwọn fi òfin adójútòfò wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, nínú àdéhùn CIMA tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé ní 1992. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin wà lábẹ́ òfin yẹn, nígbà tí àwọn ará ilé wọn ní Èkó wà lábẹ́ ti Àbújá.

Ní 1997, ìjọba ológun dá àjọ NAICOM sílẹ̀ láti máa ṣàkóso òwò náà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin tó kan ará Festac gbọ̀ngbọ̀n jáde: Insurance Act 2003, tí ó ṣiṣẹ́ títí di 2025.

Apá 65 òfin náà ní kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò wà lábẹ́ adójútòfò lòdì sí ìwó ilé, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti àkúnya omi. Lójú òfin yìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé ìtura àti ibi ìṣòwò wà nínú rẹ̀. Ilé tí ayálégbé ń gbé náà wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé onílé ní Festac, Agbójú tàbí Kírìkírì tí ó fi yàrá kan ṣoṣo yáni wà lábẹ́ òfin náà. Ìwé tí yóò rà gbọ́dọ̀ san owó fún ayálégbé, àlejò ayálégbé àti ẹni tó ń kọjá lọ, bí ilé náà bá pa wọ́n lára tàbí ba dúkìá wọn jẹ́. Ìyà ẹni tó bá rú òfin yìí ni owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Òfin náà tún ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa yọ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí lórí adójútòfò iná sínú àpò tí a ó fi máa ran àwọn panápaná lọ́wọ́.

Apá 64 wà fún ilé tó ṣì ń lọ sókè. Ilé tó bá ju àjà méjì lọ kò gbọdọ̀ di kíkọ́ láìsí adójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó wà lórí àtẹ̀gùn igi àti fún ará ìta tí búlọ́ọ̀kù lè já lù. ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá rìn gba apá Seventh Avenue àti Festac Phase 2, níbi tí ilé alájà mẹ́ta àti mẹ́rin ti ń gbérí lórí ilẹ̀ àbàtà, á mọ ìdí tí apá òfin yìí fi yẹ. Apá 67 ní kí ẹni tó ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun fi í sábẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò Nàìjíríà. Èyí kan àwọn ọlọ́jà Trade Fair tí kọ̀ǹtéńà wọn ń gba Àpápá àti Tin Can wọlé. Apá 68 wá dí ihò tó ti wà nínú òfin 1945: ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò fún dúkìá ẹlòmíràn pẹ̀lú, tí kò gbọdọ̀ dín ní ₦1 mílíọ̀nù. Ògiri àti igbá ọjà wọ inú òfin.

Apá 50 kúrú, ó sì le: bí owó kò bá tíì wọlé, kò sí adójútòfò. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn alágbàtà àti ilé-iṣẹ́ máa ń fún ènìyàn ní ìwé láwìn, gbèsè wá gùn wọ́n lórí débi pé owó tí wọn yóò fi san òfò kò sí lọ́wọ́. Láti January 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú apá yìí ṣẹ. Ó tún ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe, àmọ́ ó pa àwọn oníṣòwò kéékèèké tí owó wọn ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lára.

Ní ọdún 2003 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ètò ìlú àti ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìjọba Èkó ṣe òfin ètò ìlú tirẹ̀ ní 2010, àjọ LASBCA sì ń fi í yẹ ilé wò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá pín sí méjì nìyí: ìpínlẹ̀ ló mọ ilé tó fẹ́ wó, ìjọba àpapọ̀ ló ni òfin tó sọ pé kí ilé náà ní adójútòfò. Ní Festac, FHA tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tún wà láàárín méjèèjì gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Olórí ìdí tí apá 64 àti 65 fi wà nínú ìwé láìwọ ilé ni pínpín yìí. Òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kò ní agbára òfin náà, ẹni tó ni agbára rẹ̀ kò sì sí lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ilé Festac ṣe rí tún dá kún un. Búlọ́ọ̀kù kan lè ní flat mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí onílé kọ̀ọ̀kan dá ni tirẹ̀. Òfin ń sọ nípa ilé. Àwọn onílé ń ronú nípa flat. Ẹnì kan lè fi inú flat tirẹ̀ sábẹ́ adójútòfò, ṣùgbọ́n òrùlé, àtẹ̀gùn àti ìpìlẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ni kò ní ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ flat ti tọwọ́ ẹni mẹ́ta, mẹ́rin kọjá láti ọdún 1977, nígbà mìíràn lórí ìwé tí FHA kò fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó òfò sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé náà jẹ́ tirẹ̀, tàbí pé òfò rẹ̀ kàn án. Àwọn ṣọ́ọ̀bù àti yàrá tí wọ́n so mọ́ iwájú ilé láìgbàṣẹ tún ń mú kí ilé yàtọ̀ sí èyí tí a kọ sínú ìwé adójútòfò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, March 15, 2020, ìbúgbàù kan wáyé ní Soba, Abúlé-Àdó, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Festac wà, lẹ́bàá ọ̀pá epo tó ti Atlas Cove lọ sí Mosimi. Ohun tí NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, sọ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò sí ilé-iṣẹ́ gáàsì kan nítòsí ọ̀pá náà. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú, ó sì lé ní 100 ilé tó bàjẹ́. Bethlehem Girls' College wó lulẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde. Ará Festac àti Satellite Town gbọ́ ìró náà. Fèrèsé fọ́, òrùlé ṣí. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde àpò ìrànwọ́ ₦2 bílíọ̀nù, ó ní ìpínlẹ̀ yóò fi ₦250 mílíọ̀nù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì rọ àwọn ọlọ́rẹ àti ilé-iṣẹ́ láti dá sí i.

Jàǹbá yìí tú àṣírí ohun kan nínú òfin 2003. Bí a bá ka orúkọ ewu tí apá 65 tò, ìwó ilé wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ tí Èkó kì í sábàá rí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbúgbàù kò sí níbẹ̀. Nínú ìwé adójútòfò iná pàápàá, ti gáàsì inú ilé nìkan ni ó wọlé láìfi owó kún un. Onílé kan ní Soba tó pa òfin mọ́ láì yọ ọ̀kan sílẹ̀, tó ra ìwé rẹ̀ tó sì san owó rẹ̀ lásìkò, ṣì lè wà níbi tí wọn yóò ti máa jiyàn bóyá iná ló wó ilé rẹ̀ tàbí ìró. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀pá epo gba àárín rẹ̀ kọjá, tí tàǹkà ń tò sí Mile 2 àti Kírìkírì lóru àti lọ́sàn-án, òfin yẹ kí ó ti dárúkọ ìbúgbàù kí 2020 tó dé.

Ti ọkọ̀ rọrùn láti mú ṣẹ ju ti ilé lọ, nítorí pé ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró. Àmọ́ ayédèrú ìwé pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ awakọ̀, tọ́ọ̀dì pátì, ìyẹn adójútòfò tí òfin sọ di dandan fún ọlọ́kọ̀, jẹ́ bébà kan nínú pátíkúlà ọkọ̀, tí wọ́n ń rà láti fi kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tó ń retí pé yóò san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá àkójọ NIID sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí a lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo bóyá ìwé rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Láti January 1, 2023, NAICOM gbé owó tọ́ọ̀dì pátì ọkọ̀ aládàáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, ó sì gbé iye tí a lè san fún dúkìá ẹlòmíràn dé ₦3 mílíọ̀nù. Lábẹ́ àṣẹ 2023 yẹn, Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san ₦5,000, ọ̀kadà ₦3,000, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ₦100,000. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Kayode Egbetokun, pàṣẹ kí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti February 1, 2025.

Ní 2025, Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu fọwọ́ sí Nigerian Insurance Industry Reform Act. Òfin yìí gba ipò òfin 2003, ó sì fagi lé òfin ọkọ̀ tó ti wà láti 1945, òfin adójútòfò orí omi ti 1961, àti àwọn òfin tó dá NICON àti Nigeria Reinsurance Corporation sílẹ̀, ó wá kó ohun tó wà nínú wọn sójú kan. Ilé tí ará ìlú ń lò àti ọkọ̀ ojú títì ṣì wà lára ohun tí adójútòfò jẹ́ dandan fún. Ilé epo àti ibùdó gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó kan Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ju ọ̀pọ̀ ibi lọ. Ó dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò dáàbò bo àwọn tó ra adójútòfò bí ilé-iṣẹ́ wọn bá wó. Ó sì gbé owó ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe adójútòfò dúkìá àti jàǹbá láti ₦3 bílíọ̀nù sí ₦15 bílíọ̀nù, ti ẹ̀mí láti ₦2 bílíọ̀nù sí ₦10 bílíọ̀nù, ti àwọn tó ń dójú òfò fún ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn láti ₦10 bílíọ̀nù sí ₦35 bílíọ̀nù. Oṣù méjìlá ni òfin fún wọn láti kó owó náà jọ.